Ọmọ mi já fáfá, ṣùgbọ́n kò lè kàwé: ṣé dyslexia ni?

Ìbéèrè: "Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 8. Bó bá ń sọ ìtàn, ẹ ó rò pé àgbàlagbà ló ń sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí kò lè tú palẹ̀ kó sì tún un tò padà. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà ti di ogun láàárín èmi àti ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kà lókè ojú ìwé, tó bá tún pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀, ṣe ló máa dà bíi pé kò rí i rí. Ó máa ń kọ b sípò d. Tíṣà rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, bàbá rẹ̀ ní oríkunkun ni, pé kí n mú ẹgba. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi wá dárúkọ dyslexia. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ bóyá òun ló ń ṣe ọmọ mi?"

Ẹ kú wàhálà ọmọ, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹgba sílẹ̀ ná. Mi ò tíì rí ọmọ yín, ẹni tí kò bá sì rí ọmọ kò lè jókòó síbì kan kó ní dyslexia ni tàbí òun kọ́. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kì í ṣe ti b àti d ló dá mi dúró. Ti ọ̀rọ̀ tó kà lókè tó di àjèjì sí i nísàlẹ̀ ni. Ọ̀lẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ ọmọ á fo ohun tó le, á yára parí, á sá lọ ṣeré. Kò ní bá ọ̀rọ̀ kan jìjàkadì fún ìṣẹ́jú méjì, kó dá a, kó tún wá pàdé rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀, kó máa wò ó bí àlejò.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ ní ìwé kíkà yìí, èmi náà ṣe irú àṣìṣe tí tíṣà ọmọ yín ń ṣe. Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, ó ka "ilẹ̀kùn" lórí ìlà kejì. Ó dé ìlà kẹrin, ó dákẹ́ níwájú "ilẹ̀kùn" kan náà. Mo ní, "Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni!" Ó wò mí, ó ní, "Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Bí wọ́n ṣe ń pè é ni mi ò rántí mọ́." Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sọ gbólóhùn yẹn fún ọmọ kankan mọ́.

Dyslexia jẹ́ ìṣòro kíkà àti sípẹ́lì tí a ń bí mọ́ ènìyàn. Kò ní í ṣe pẹ̀lú bí orí ọmọ ṣe pé tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojú ló fà á, pé ṣe ni àwọn lẹ́tà ń jó lójú ọmọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn olùwádìí gbà lónìí ni pé ọ̀dọ̀ ìró ni ìṣòro náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ń gbọ́ràn, etí rẹ̀ kò dí. Ohun tó ṣòro fún un ni láti fọ́ ọ̀rọ̀ tó gbọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Tí mo bá sọ pé "bàtà", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀yin àti èmi gbọ́. Kò sóhun tó kàn wá pé ìró mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àfi ọjọ́ tí a bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kíkà ló wá sọ fún ọmọdé pé: tú u. Mú ìró kọ̀ọ̀kan, so ó mọ́ lẹ́tà tirẹ̀, kó wọn pọ̀ padà, kí o sì yára, kí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ má baà ti sá lọ kí o tó dé ìparí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń mọ̀ ọ́n ṣe láàárín ọdún kan sí méjì, lẹ́yìn náà kò ní í ná wọn ní agbára kankan mọ́. Lọ́dọ̀ ọmọ tó ní dyslexia, ọ̀rọ̀ dì gbagidi. Kò rí ibi tí yóò ti là á. Nítorí náà, á máa há ọ̀rọ̀ sórí bí ẹni ń há àwòrán sórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ilé ìṣúra á fi kún tí kò ní gba tuntun mọ́. Ìdí rèé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi lè ṣe dáadáa ní kíláàsì àkọ́kọ́, kó wá ṣubú gbì nígbà tí ìwé bá di ti ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú nǹkan ìkọ̀wé dání. Ìwé kíkọ fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5,000 ọdún lọ. Kò sí ibì kan nínú ọpọlọ tí a dá sọ́tọ̀ fún un. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé ní láti yá àyè lọ́wọ́ ibi tó ń ṣiṣẹ́ ìríran àti ibi tó ń ṣiṣẹ́ èdè, ní apá òsì ọpọlọ, kó sì la ọ̀nà láàárín wọn. Àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ń yà nígbà tí ènìyàn ń kàwé fi hàn pé ọ̀nà yìí kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lára àwọn tó ní dyslexia. Kì í ṣe pé ọpọlọ wọn bàjẹ́. Ọ̀nà yìí nìkan ni kò tètè là.

A sì máa ń jogún rẹ̀. Bí òbí kan bá ní i, nínú ọmọ 100 tí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ bí, nǹkan bí 40 sí 60 ló máa ń ní i. Torí náà, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi ọkọ yín, pẹ̀lẹ́tù, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn: báwo ni ìwé kíkà ṣe rí fún òun náà nígbà tó wà ní kékeré? Mi ò mọ ọkọ yín o. Ṣùgbọ́n mo ti rí ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn bàbá tó ń pariwo "oríkunkun" tí wọ́n jẹgba nítorí ohun kan náà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ olùwádìí kà á sí 5 sí 10 nínú ọmọ 100, àwọn mìíràn kà á tó 20. Iye wọn kò dọ́gba torí pé dyslexia dà bíi gíga ènìyàn: kò sí ibi kan pàtó tí ẹni kúkúrú parí sí tí ẹni gíga ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà tó ní ọmọ 40 ní kíláàsì ti ní bíi méjì ó kéré tán, yálà ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun rárá. Rudolf Berlin, dókítà ojú kan ní Jámánì, ló lo orúkọ "dyslexia" nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1887. Ní 1896, dókítà kan ní England, W. Pringle Morgan, kọ sínú ìwé ìròyìn British Medical Journal nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó pè ní Percy. Láti ọmọ ọdún 7 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà, àwọn olùkọ́ sì làágùn lórí rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ onísílébù kan gan-an, ó di kó wọ́ ọ. Nígbà tó kọ orúkọ ara rẹ̀, "Precy" ló kọ, kò sì rí àṣìṣe náà títí wọ́n fi pe àkíyèsí rẹ̀ sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọ yìí kan náà ń fẹ́ràn ìṣirò, kò sì rí wàhálà kankan nínú rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé, ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, òun ni ì bá já fáfá jù ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà. Mo máa ń ka ìtàn yìí fún àwọn òbí, ojú wọn á sì là rekete: ọmọ tiwọn ni wọ́n ń gbọ́. "Ìfọ́jú sí ọ̀rọ̀" ni àwọn dókítà ìgbà náà pè é, àwọn oníṣègùn ojú ló sì pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ẹ̀bi ti lọ sọ́dọ̀ ojú, tí kò sì tíì kúrò níbẹ̀ dòní.

Èyí mú mi dé ti b àti d. Bí ẹ bá yí ife kan sọ́tùn-ún tàbí sósì, ife náà ni. Àga tó kọjú síbí àti àga tó kọjú sọ́hùn-ún, àga ni wọ́n. Láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní jòjòló ni ojú rẹ̀ ti kọ́ pé ìhà tí nǹkan kọ sí kò yí orúkọ rẹ̀ padà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún un pé ó ń yí i padà ni ìgbà tó bá pàdé lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe fi ń kọ lẹ́tà sódì títí di bíi ọdún 7. Bó bá ṣì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tí àwọn àmì mìíràn sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ kà á mọ́ wọn. Bó bá jẹ́ òun nìkan, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn àmì tí mo máa ń wá kì í pariwo. Lára ọmọ tí kò tíì wọ iléèwé: ó lè pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó máa ń da sílébù rú nínú ọ̀rọ̀ gígùn, "labalábá" á di "balalábá" kódà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é dáadáa, ó mọ nǹkan ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kì í tètè wá sẹ́nu, "nǹkan yẹn, nǹkan yẹn" ni ṣáá, ìró inú orin ọmọdé tó jọra kì í ta sí i létí. Ọmọ tó ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí pọ̀ lọ jàra, kò túmọ̀ sí nǹkan kan fúnra rẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá pé jọ sára ọmọ kan, tí ẹnìkan nínú ẹbí sì ti jìyà ìwé kíkà rí, mi ò ní dúró dìgbà tó bá kùnà.

Ní ọjọ́ orí ọmọ yín, wọ́n á ti hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á wo lẹ́tà àkọ́kọ́, á wo àwòrán, á sì fi ìyókù dárà. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán náà, kí ẹ wá gbọ́ bí ohùn á ṣe wálẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó "ka" ojú ìwé kan já bí ẹni ń mumi, tí mo ṣí ojú ìwé mìíràn síbẹ̀ láìjẹ́ kó rí i kedere, tó sì ń bá ti àkọ́kọ́ lọ láìfọ̀kan pè. Ó ti há a sórí látẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ìwé àpèkọ, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n kọ lọ́nà mẹ́ta lójú ìwé kan ṣoṣo. Ìyẹn máa ń sọ fún mi ju pé ó gba òdo lọ. Ẹ ó tún rí i pé inú ń run ún láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé kíkà bá wà, tí kì í run ún lọ́jọ́ ìsinmi. Irọ́ kọ́ ni inú rírun yẹn. Ìbẹ̀rù lè fa inú rírun gidi.

Lára àgbà ọmọ, kíkà náà á máa lọ, ṣùgbọ́n á falẹ̀, á sì rẹ̀ ẹ́. Á ka ìbéèrè ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e, nígbà tí àwọn yòókù ti ń kọ ìdáhùn kẹta.

Èdè náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì kún fún ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, lẹ́tà kan náà ń dún báyìí níbí, ó ń dún báyẹn lọ́hùn-ún, torí náà dyslexia tètè máa ń hàn síta níbẹ̀ bí àṣìṣe. Yorùbá àti èdè Ítálì máa ń kọ ohun tí ẹnu sọ, nítorí náà ọmọ lè ka ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà, kó kàn jẹ́ pé bí ìgbín ló ń lọ. Ní 2001, àwọn olùwádìí fi àwọn tó ní dyslexia ní Ítálì, ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wéra. Àwọn ará Ítálì ló ka ọ̀rọ̀ tọ̀nà jù, àmọ́ ibì kan náà ní apá òsì ọpọlọ ni iṣẹ́ ti lọ sílẹ̀ lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń ka èdè méjì, ẹ wo méjèèjì. Bó bá jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nìkan ló ń dà á láàmú, ó lè jẹ́ àìgbọ́ èdè lásán. Èdè méjì kì í sì í fa dyslexia fún ẹnikẹ́ni. (Tí ẹ bá rí i pé kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, ẹ má fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́. Tó bá jẹ́ àmì dyslexia ni, èèyàn mélòó ni ì bá yọ nínú wa?)

Ẹ lè ṣe ìwọ̀nba kan nílé, bí eré, kó má dà bí ìdánwò. Ẹ ka ìtàn tó ju ti kíláàsì rẹ̀ lọ fún un, kí ẹ bi í ní ìbéèrè nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kí òun ka èyí tó rọrùn, kí ẹ tún bi í. Bí àlàfo tó wà láàárín ohun tó gbọ́ yé àti ohun tó kà yé bá fẹ̀ bí odò, ẹ ti rí nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìró ṣeré láìsí ìwé níwájú: "Sọ labalábá, má pe la àkọ́kọ́." "Sọ ajá. Yọ j, fi p síbẹ̀." Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 8 tó ń kàwé á rẹ́rìn-ín, á ní "apá". Ọmọ tí mo ń sọ á wo ẹnu yín, á tún "ajá" sọ, á wá sọ nǹkan tí kò jọ ọ́ rárá. Èyí tó kẹ́yìn ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kàn hun pọ̀, bíi "fidu", "mọbe", "tasifo", kí ó kà á. Kò sí bó ṣe lè ti há ìyẹn sórí. Àfi kó tú u.

Kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Mo ti bá ọmọ pàdé tí gbogbo wa ń fura sí dyslexia, tó jẹ́ pé kò rí ojú pátákó láti ìjókòó rẹ̀. Ẹ tún bi ara yín bóyá wọ́n kọ́ ọ ní ìró lẹ́tà rí ní tòótọ́, tàbí ṣe ni wọ́n ń ní kó máa wo ọ̀rọ̀ kó máa pè é tẹ̀lé tíṣà. Ọmọ tí wọn ò kọ́ kò yàtọ̀, lójú, sí ọmọ tí kò lè mọ̀ ọ́n. Àìlèfọkànsí-nǹkan náà wà, òun àti dyslexia sì máa ń rìn pọ̀.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún dyslexia, wọn kì í sì í ya àwòrán ọpọlọ láti fi mọ̀ ọ́n lára ọmọ kan. Onímọ̀ tó ń ṣe àyẹ̀wò bí ọmọdé ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ló máa jókòó tì í fún wákàtí díẹ̀, á wo ìró, ìrántí, bó ṣe ń yára pe orúkọ nǹkan tẹ̀léra, kíkà àti sípẹ́lì, á sì bi yín léèrè ìtàn ẹbí. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àrùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 ní kí ìṣòro náà ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán, láìka ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ ti rí gbà sí. Ẹ kíyè sí i: ìrànlọ́wọ́ ló ṣáájú. Ẹ má dúró de ìwé ẹ̀rí kankan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìrànlọ́wọ́ náà kò ní àṣírí. Ìró àti lẹ́tà, láti orí èyí tó rọrùn jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní títò, pẹ̀lú àtúnṣe lemọ́lemọ́ tó lè sú ẹ̀yin kó tó tó o: ojú ń wò ó, ẹnu ń pè é, etí ń gbọ́ ọ, ìka ń kọ ọ́ sórí iyanrìn tàbí tábìlì. Dókítà Samuel Orton àti Anna Gillingham, olùkọ́ kan, ló là á sílẹ̀ báyìí ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1930, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tó dára lónìí sì ṣì fi í ṣe ìpìlẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ. Kí ẹ sì máa kàwé fún un nìṣó, tàbí kó máa gbọ́ ìwé olóhùn, torí inú ìwé ni ọ̀rọ̀ àti ìmọ̀ wà. Kò yẹ kí ebi ọ̀rọ̀ máa pa á nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé ibi àká.

Ẹnìkan á tó tajà fún yín. Gíláàsì aláwọ̀, eré ìdárayá ojú, oògùn ọpọlọ. Ní 2009, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà àti ti àwọn dókítà ojú jọ kéde pé kò sí ẹ̀rí tó múná dóko pé gíláàsì aláwọ̀ tàbí eré ìdárayá ojú ń wo dyslexia. Ẹ tọ́jú owó yín. Lẹ́tà tó tóbi díẹ̀ tí àlàfo àárín wọn fẹ̀ lè dẹ̀ ẹ́ lára fún àwọn ọmọ kan, ọ̀fẹ́ sì nìyẹn.

Kì í lọ pátápátá, mi ò ní tan yín. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ á mọ̀wé kà, á kàn máa falẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Carol Greider tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní 2009 ní i, Jacques Dubochet tó wà lára àwọn tó gbà á nínú kẹ́mísírì ní 2017 náà ní i. Ẹ máa gbọ́ orúkọ Einstein náà. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ́ wò, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì sọ fún ọmọ yín pé dyslexia máa ń sọ ènìyàn di akọni ọpọlọ. Ẹ sọ òótọ́ fún un: ó ní orúkọ, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì jọ ṣe é. Ọmọ ọdún 8 tó ń kùnà lójoojúmọ́ ti fún ara rẹ̀ lórúkọ tipẹ́, "olódo" ló sì sábà máa ń jẹ́.

Tí ẹ bá ń lọ bá tíṣà rẹ̀, ẹ má lọ bá a jà, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ dyslexia ṣáájú. Ẹ mú ìwé àpèkọ rẹ̀ dání, kí ẹ ṣí ibi tó ti kọ ọ̀rọ̀ kan lọ́nà mẹ́ta. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe ní kó dìde kàwé lójú gbogbo kíláàsì láìjẹ́ pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò nílé, pé tó bá ń máàkì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kó máàkì sáyẹ́ǹsì, kó fi sípẹ́lì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ìró lẹ́tà wo gan-an ni ọmọ mi kò tíì mọ̀? Tó bá lè dárúkọ wọn, ẹ ti ní ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Tí kò bá mọ̀, ẹ mú ábídí, kí ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ na ìka sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láìtò ó bó ṣe há a sórí, kí ẹ sì kọ èyí tó pe ìró rẹ̀ láìronú sápá kan, èyí tó ronú lé lórí sápá kejì.